Kí Ló Dé Tí Wọ́n Lé Olga Kharlan Lẹ́yìn Tó Borí?

Ní ọjọ́ 27 oṣù Keje ọdún 2023, nínú ìdíje eré idà ní Milan lórílẹ̀-èdè Ítálì, Olga Kharlan ọmọ Ukraine fi àmì 15 sí 7 na Anna Smirnova, ọmọ Rọ́ṣíà tó ń díje láìgbé àsíá. Bí wọ́n ṣe parí, Smirnova na ọwọ́ kí wọ́n lè bọ ara wọn lọ́wọ́. Idà ni Kharlan nà sí i, pé kí wọ́n fi idà kan idà. Òfin eré idà nígbà yẹn kò gba èyí láyè. Smirnova jókòó lórí pápá fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 45, kò dìde. Nígbà tó yá, wọ́n fún Kharlan ní káàdì dúdú, wọ́n sì lé e kúrò.

Ní tèmi, Kharlan jàre. Àwa tí ìkíni ṣe pàtàkì sí tó báyìí yóò tètè mọ ohun tó ń dùn ún. Mykolaiv tí wọ́n bí i sí lọ́dún 1990 wà lára àwọn ìlú tí Rọ́ṣíà rọ̀jò ọta lé lórí. Bó bá bọ Smirnova lọ́wọ́ níwájú kámẹ́rà, irọ́ ló máa pa.

Kì í ṣe ọ̀jẹ̀ wẹ́wẹ́ ni wọ́n lé. Ọmọ ọdún 17 ni nígbà tí òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ gba wúrà ní Òlíḿpíìkì Beijing lọ́dún 2008, ó sì ti gba ife-ẹ̀yẹ àgbáyé ti ẹnìkọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mẹrin. Sabre ni irú idà tó ń lò. Ẹnu idà àti ṣóńṣó rẹ̀ ló lè gba àmì, láti ìbàdí sókè ni wọ́n sì lè bá. Iná ló ń fi ẹni tó bá ẹnìkejì hàn. Bí iná méjèèjì bá tàn pọ̀, adájọ́ ló máa sọ ẹni tó ni ìkọlù náà.

Ní ọjọ́ kejì tí wọ́n lé e, Thomas Bach, tó jẹ́ ààrẹ ìgbìmọ̀ Òlíḿpíìkì nígbà náà, kọ lẹ́tà sí i pé àyè rẹ̀ ní Òlíḿpíìkì Paris ti dájú. Eléré idà ni Bach fúnra rẹ̀ tẹ́lẹ̀; ó gba wúrà lọ́dún 1976. Òfin ìbọwọ́ náà yí padà lẹ́yìn náà.

Ní Paris 2024, Choi Sebin ti Gúúsù Kòríà ti fi 11 sí 5 ṣíwájú rẹ̀ nínú ìjà fún idẹ. Kharlan lé e bá, ó borí ní 15 sí 14: àmì ẹ̀yẹ àkọ́kọ́ fún Ukraine níbẹ̀. Nínú àṣekágbá ti ẹgbẹ́, Kòríà ń ṣíwájú ní 40 sí 37 nígbà tó kan Kharlan láti ja ìjà ìkẹyìn. Àmì mẹ́jọ ló gbà, méjì péré ló jẹ́ kí wọ́n rí gbà, wúrà sì di ti Ukraine.