Ìrìn-àjò Ọjọ́ Kan Lójú Omi: Ohun tí Ó Yẹ kí Ẹni tí Ó Ń Dá Tukọ̀ Ẹlẹ́ńjìnnì Mọ̀

Bí a bá dárúkọ kánálì ní Ìkọ̀tún, ní Ẹ̀gbẹ́dá tàbí ní Ìgàndo, ohun tí ó máa ń wá sí ọkàn àwọn ènìyàn ni kòtò ńlá tí a gbẹ́ kí àgbàrá òjò lè rí ibi gbà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ó rí, nítorí pé Alímọ̀ṣọ́, tí iye ènìyàn rẹ̀ ju mílíọ̀nù kan lọ nínú ìkànìyàn ọdún 2006, kò sí létí ọ̀sà. Irú kánálì bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ọ̀nà ọkọ̀. Àní kánálì tí a fi orúkọ Gómìnà William MacGregor pè, ẹni tí ó ṣe ìjọba Èkó láti 1899 sí 1904, omi irà ni a tìtorí rẹ̀ gbẹ́ ẹ láàárín Erékùṣù Èkó àti Ìkòyí, kí ẹ̀fọn àti ibà lè dínkù.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà omi tí ọkọ̀ lè gbà kò jìnnà sí wa. Odò Ọwọ́ ń ṣàn lọ sínú ọ̀sà Ologe, ọ̀sà náà sì já sí omi Àgbádárìgì. Omi yìí gùn tó nǹkan bí 60 kìlómítà. Ó dojú kọ èbúté Èkó ní ìhà ìlà-oòrùn, ó sì dojú kọ Àjàṣẹ́ ní ìhà ìwọ̀-oòrùn. Láti Ọ̀jọ́, ẹni tí ó bá ní ọkọ̀ kékeré ẹlẹ́ńjìnnì lè jáde ní òwúrọ̀ kí ó sì padà ní ìrọ̀lẹ́, yálà nítorí òwò, nítorí ẹja, tàbí láti lọ kí àwọn ẹbí rẹ̀.

Nínú ọkọ̀ èrò, ẹnì kan ń tukọ̀, ẹlòmíràn ń ṣọ́ iwájú, àwọn èrò sì wà níbẹ̀ tí wọ́n lè ké bí ewu bá dé. Ẹni tí ó dá lọ kò ní ọ̀kankan nínú wọn. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà. Nítorí náà, ohun tí ẹlòmíràn ì bá ṣe fún un lójú omi, ó ní láti ti ṣe é fún ara rẹ̀ kí ó tó kúrò ní èbúté. Èyí ni kókó ọ̀rọ̀ wa.

KÍ Ó FI Ọ̀RỌ̀ SÍLẸ̀. Kí ó sọ fún ìyàwó rẹ̀, tàbí àbúrò, tàbí olórí èbúté, ibi tí ó ń lọ, ọ̀nà tí yóò gbà, àti agogo tí yóò padà. Kí wọ́n jọ fi ẹnu kò sórí agogo tí wọn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í wá a bí wọn kò bá rí i. Fóònù dára, kí ó sì dì í sínú ọ̀rá tí omi kò lè wọ̀. Ní Ìpínlẹ̀ Èkó, nọ́ńbà tí a ń pè fún ìrànlọ́wọ́ ni 767 tàbí 112. Ṣùgbọ́n fóònù lè bọ́ sódò. Ọ̀rọ̀ tí a fi sílẹ̀ nílé kì í bọ́ sódò.

Ẹ̀WÙ ÌLÉFÒÓ. Èyí ni ẹ̀wù tí àwọn ọlọ́kọ̀ ń pè ní láìfù jákẹ́ẹ̀tì. Kí ó wọ̀ ọ́, kí ó sì de gbogbo okùn rẹ̀, nítorí pé èyí tí a fi ṣe ìrọ̀rí nínú ọkọ̀ kò wúlò fún ẹni tí ó ti ṣubú. Àwọn kan a máa wí pé àwọn mọ omi í wẹ̀. Àwọn àgbà ní òmùwẹ̀ ní í bómi lọ. Bí orí bá gbá etí ọkọ̀, tí ojú sì dá, ìmọ̀ ìwẹ̀ kò ṣiṣẹ́ mọ́. Ẹ̀wù náà ni yóò gbé ènìyàn lékè omi bí ojú-oró.

OKÙN ÌPANÁ Ẹ́ŃJÌNNÌ. Ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì tí a ń so mọ́ ìdí ọkọ̀ ní okùn kékeré kan. Orí kan rẹ̀ wà lára ẹ́ńjìnnì. Orí kejì ni kí atukọ̀ so mọ́ itan tàbí ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Bí ó bá ṣubú, okùn náà a já kúrò lára ẹ́ńjìnnì, ẹ́ńjìnnì a sì kú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Láìsí èyí, ọkọ̀ lè sá lọ kí ó fi í sílẹ̀, tàbí kí ó máa yí po lórí rẹ̀, kí irin tí ń yí lábẹ́ omi sì ṣá a lọ́gbẹ́. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2013, irú jàm̀bá bẹ́ẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní Padstow ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: ènìyàn 6 ṣubú sínú omi, ọkọ̀ wọn ń yí po láàárín wọn, ènìyàn 2 sì kú. Wọn kò so okùn náà mọ́ atukọ̀.

EPO. Kí ó pín epo rẹ̀ sí ọ̀nà mẹ́ta. Bí ó bá ní lítà 15, kí ó fi 5 lọ, kí ó fi 5 bọ̀, kí ó sì fi 5 pamọ́. Ẹni tí omi ń tì lọ kò ní mọ bí agbára omi náà ti tó títí yóò fi kọjú sí i nígbà àbọ̀. Èbúté ni kí ó ti rọ epo, kí ẹ́ńjìnnì kú, kí sìgá má sì sí nítòsí, nítorí pé oru bẹntiróòlù wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. A máa wọlẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ọkọ̀, a sì dúró de iná níbẹ̀.

EWÉKO OJÚ OMI. Ní ọdún 1984, ewéko kan tí òdòdó rẹ̀ jọ àwọ̀ àlùkò, èyí tí àwọn òyìnbó ń pè ní water hyacinth, gba omi Àjàṣẹ́ wọ omi Àgbádárìgì. Ní àkókò òjò, nígbà tí omi kò ní iyọ̀, a máa pọ̀ títí yóò fi bo ọ̀nà. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, bí iyọ̀ òkun bá wọlé, a máa kú. Kí atukọ̀ má ṣe fi ipá la àárín rẹ̀ kọjá. Bí ó bá wé mọ́ irin ẹ́ńjìnnì, kí ó kọ́kọ́ pa ẹ́ńjìnnì pátápátá kí ó tó na ọwọ́ sí i.

OMI ÒKUN ÀTI OJÚ ỌJỌ́. Nítòsí èbúté Èkó, omi a máa kún, a sì máa fà lẹ́ẹ̀mejì láàárín nǹkan bí wákàtí 25. Ìdí nìyí tí agogo tí ó kún lánàá kì í fi í ṣe agogo tí yóò kún lónìí. Bí omi bá fà, ọkọ̀ lè gúnlẹ̀ sórí yanrìn. Kí ó bi àwọn apẹja èbúté. Bí òjò bá ṣú, kí ó wá etí omi kí ìjì tó dé. Bí ọyẹ́ bá bo ojú omi, kí ó ní sùúrù títí yóò fi là. Oòrùn wa kì í pẹ́ kọjá agogo 7 ìrọ̀lẹ́ púpọ̀ kí ó tó wọ̀. Nítorí náà, bí ọ̀sán bá ti pọ́n, kí ó yí orí ọkọ̀ padà.

ÀWỌN TÍ Ó BÁ LÓJÚ OMI. Lórí àwọn kánálì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọkọ̀ kò gbọdọ̀ sáré ju máìlì 4 lọ ní wákàtí kan, nítorí pé ìgbì tí ọkọ̀ ń dá sílẹ̀ a máa jẹ etí omi. Ní ọ̀dọ̀ wa, ìgbì kan náà lè da ọkọ̀ apẹja dojú dé. Kí ó dín eré kù bí ó bá rí wọn. Àwọn náà ni yóò kọ́kọ́ gbọ́ igbe rẹ̀ ní ọjọ́ ìpọ́njú.

BÍ Ẹ́ŃJÌNNÌ BÁ KÚ. Kí ó ju ìdákọ̀ró sódò kí omi má bàa gbé e lọ sí ọ̀nà àwọn ọkọ̀ ńlá. Kí àjẹ̀ wà nínú ọkọ̀ nígbà gbogbo, àti fèrè tí yóò fi pe ènìyàn. Bí ọkọ̀ bá dojú dé, kí ó dì í mú, kí ó má ṣe wẹ̀ lọ sétí omi: etí omi a máa jìnnà ju bí ojú ti rí i lọ, ọkọ̀ sì rọrùn láti rí ju orí ènìyàn kan lọ.

Ní ti òfin, Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ dájọ́ ní January 2024 pé àjọ ìjọba àpapọ̀ tí a ń pè ní NIWA ni ó ní àṣẹ lórí ojú omi abẹ́lé. Kí ẹni tí ó bá ní ọkọ̀ lọ sí ọ́fíìsì wọn láti bèèrè ìwé tí ó yẹ kí ó tó jáde.

Gbogbo ètò wọ̀nyí kò gbà ju wákàtí kan lọ ní òwúrọ̀. Ẹni tí ó bá ṣe wọ́n yóò rí ọ̀nà rẹ̀ bọ̀ ní ìrọ̀lẹ́, àwọn ará ilé rẹ̀ yóò sì mọ agogo tí ó yẹ kí wọ́n gbé oúnjẹ kaná dè é.