Bàlúù Arúgbó Ò Gbọ́ “Ẹ Má Mira”: Báwọn Onífọ́tò Ṣe Ń Ya Ohun Tí Kò Lè Dúró

Ẹni tó bá mọ ilé fọ́tò ayé àtijọ́ ní Òsí, ní Ìlọ́fà tàbí ní Odò-Ọwá, kò ní í gbàgbé bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ìyá á wọ aṣọ òkè, á wé gèlè, á gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún. Onífọ́tò á ti orí bọ abẹ́ aṣọ dúdú, ohùn rẹ̀ á wá máa jáde bíi ti eégún: “Ìyá, ẹ má mira o! Ẹ má ṣẹ́jú!” Ẹni tó bá mira pẹ́nrẹ́n, ojú rẹ̀ á di méjì nínú fọ́tò, owó ti wọgbó nìyẹn. Ọmọ tó bá ń jà pìtìpìtì, ìyá rẹ̀ á dì í mú gírígírí. Ká dúró jẹ́ẹ́, ìdajì iṣẹ́ náà nìyẹn.

Ó dáa. Ohun tí kò lè dúró ńkọ́? Ohun tó jẹ́ pé bó bá dúró lókè, ilẹ̀ ló ń bọ̀?

Àwọn kan wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó jẹ́ pé iṣẹ́ tí wọ́n yàn láàyò nìyẹn. Bàlúù tí wọ́n ti ṣe kí bàbá ọ̀pọ̀ wa tó dáyé ni wọ́n ń yà, tòun ti bó ṣe ń fò lókè. Wọ́n ń ṣe ìran bàlúù bẹ́ẹ̀ lábúlé Old Warden ní Bedfordshire, níbi tí àwọn Shuttleworth Collection ń kó tiwọn sí, wọ́n sì ń ṣe é ní Duxford lẹ́gbẹ̀ẹ́ Cambridge. Bí ìgbà ooru wọn bá ti dé, èrò á ru àga, wọ́n á di oúnjẹ, wọ́n á sì mú aṣọ òjò dání, torí òjò ibẹ̀ kì í sọ tẹ́lẹ̀. Àwọn onífọ́tò ló ń tètè dé jù. Lẹ́ńsì iwájú kámẹ́rà ẹlòmíì gùn bí ọmọ odó!

Ẹ̀yin gbẹ́nàgbẹ́nà àti ẹ̀yin télọ̀, ẹ sún mọ́ bí, tiyín rèé. Bàlúù kan wà ní Old Warden tí wọ́n ń pè ní Blériot. Ọdún 1909 ni wọ́n ṣe é. Lọ́dún yẹn kan náà, ní July 25, ni ọ̀gbẹ́ni Louis Blériot, ará Faransé, fi irú rẹ̀ sọdá òkun láti ilẹ̀ wọn bọ́ sí England. Ní tiwa níbí, ó di ọdún 1925 kí bàlúù tó kọ́kọ́ balẹ̀ ní Nàìjíríà, ní Kano. Kí ni wọ́n fi ṣe Blériot yìí? Igi ni, wáyà ni wọ́n fi so ó, aṣọ ni wọ́n rán bo apá rẹ̀. Agbára ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ ti ẹṣin 25, bí ìgbà tèèyàn so ọ̀kadà mẹ́ta pọ̀. Òun ló dàgbà jù láyé nínú àwọn bàlúù tó ṣì ń fi ẹ́ńjìnnì àárọ̀ ọjọ́ wọn fò.

Àmọ́ kì í lọ sókè réré mọ́, àgbà ti dé. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, tí atẹ́gùn sùn, á sáré lórí koríko, á ta sókè díẹ̀, á sì rọra balẹ̀ níwájú. Ó parí. Ìwọ̀nba ìṣẹ́jú yẹn làwọn onífọ́tò ti ń retí láti àárọ̀. Ẹ máa rí bàbá olówó tó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí koríko bí ẹni tó ń kí ọba, torí ó fẹ́ kí àlàfo tó wà láàárín táyà àti ilẹ̀ hàn. Bí àlàfo yẹn ò bá hàn, fọ́tò bàlúù tó gúnlẹ̀ sórí pápá lásán ló yà, kò sẹ́ni tó máa gbà pé ó fò.

Àwọn mìíràn wà níbẹ̀ tí irú wọn jagun láàárín 1914 sí 1918. Òróró lárà ni ẹ́ńjìnnì ọ̀pọ̀ nínú wọn ń lò láti fi yọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, lárà tẹ́ ẹ mọ̀ yẹn náà! Bó bá ti ń jó, òórùn rẹ̀ á gba gbogbo pápá. Fọ́tò nìkan ni kò lè mú òórùn yẹn.

Ṣùgbọ́n ibi tí iṣẹ́ ọ̀hún ti le jù ni fáànù, ìyẹn abẹ̀bẹ̀ tó ń yí níwájú bàlúù. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ á ní, “Ohun tó ń sáré ni, ẹ jẹ́ kí kámẹ́rà náà sáré.” Á gbé e sí ibi tó yá jù, á pín ìṣẹ́jú-àáyá kan sọ́nà 2,000, á fi ẹyọ kan nínú rẹ̀ yà á. Ó mọ́ kedere lóòótọ́, àmọ́ fáànù á dúró gbagidi. Bàlúù á wá dà bí ohun ìṣeré ọmọdé tí wọ́n fi òwú so kọ́ sójú ọ̀run. Ẹni tó bá wò ó á béèrè pé: “Ṣé ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti kú ni?”

Àwọn ọ̀gá kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n á dín eré kámẹ́rà kù sí ẹyọ kan nínú 250, tàbí ẹyọ kan nínú 125. Ẹni tí àyà rẹ̀ le á tún lọ sísàlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀. Ìgbà yẹn ni fáànù á yí roboto nínú fọ́tò bó ṣe ń yí lójú. Wàhálà tó kù ni pé bí kámẹ́rà bá ti ń lọ́ra, bàlúù fúnra rẹ̀ fẹ́ di kurukuru. Onífọ́tò gbọ́dọ̀ tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, kó máa yí láti ìbàdí, kó máa fi kámẹ́rà tẹ̀ lé e bí ọdẹ ṣe ń fi ìbọn tẹ̀ lé àparò tó ta. Kò gbọdọ̀ dúró nígbà tó bá tẹ̀ ẹ́, ó gbọ́dọ̀ máa bá a lọ. Ẹni tó bá dúró ti pàdánù rẹ̀. Ní ìgbà tó jẹ́ fíìmù ni wọ́n ń lò, fọ́tò 36 péré ló wà nínú rólù kan, owó sì ni gbogbo rẹ̀. Lóde òní, èèyàn lè ya ẹgbẹ̀rún lọ́jọ́ kan, kó délé kó máa da àwọn tó bàjẹ́ nù títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Igi ò lè rìn, fọ́tò náà ò lè rìn. Àwọn ará Òsí ti mọ ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́. Àreògún, ògbólógbòó agbẹ́gilére Òsí tó kú lọ́dún 1954, gbẹ́ ẹlẹ́ṣin àti ẹni tó gun kẹ̀kẹ́ sára ìlẹ̀kùn. Kẹ̀kẹ́ yẹn ò kúrò lójú kan láti ọjọ́ yìí wá, síbẹ̀ ẹni tó bá wò ó á mọ̀ pé ẹni tó gùn ún ń lọ síbì kan.

Ẹlòmíì á ní, kí ló kan ará Òsí nínú bàlúù òyìnbó? Ó kàn án o! Nígbà ogun Hitler, wọ́n dá owó láti Nàìjíríà láti fi ra bàlúù ogun tí wọ́n ń pè ní Spitfire. Ẹgbẹ̀rún márùn-ún pọ́n-ùn ni wọ́n fi owó ọ̀kọ̀ọ̀kan sí. Ìdí nìyẹn tí RAF, àwọn ọmọ ogun òfuurufú Gẹ̀ẹ́sì, fi pe ẹgbẹ́ wọn 91 tí wọ́n tún dá sílẹ̀ lọ́dún 1941 ní ẹgbẹ́ Nàìjíríà. Àwọn ọmọ wa náà sì fò. Peter Adéníyì Thomas, ọmọ Èkó, ni ará Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gba ipò ọ̀gá nínú RAF. Jàǹbá bàlúù ló pa á ní January 1945, ìlú Bath ni wọ́n sin ín sí. Akin Ṣénbánjọ wà nínú bàlúù ńlá kan tó ń ju bọ́ǹbù, àwọn tí wọ́n jọ ń fò sì kọ “Black Prince” sára rẹ̀ nítorí tirẹ̀. Nítorí náà, bí Spitfire bá kọjá, tí àwọn òyìnbó arúgbó ń nu ojú, owó tiwa náà ń bẹ nínú ariwo yẹn.

Spitfire tí wọ́n ṣe lé ní 20,000. Lancaster, tó tóbi jù ú lọ, lé ní 7,000, méjì péré ló sì kù láyé tó ṣì lè fò, ọ̀kan ní England, ọ̀kan ní Canada.

Ewu ń bẹ níbẹ̀. Ní August 22, 2015, ní Shoreham, bàlúù Hawker Hunter kan tí wọ́n ṣe lọ́dún 1955 fẹ́ dá òbìrìpé lókè, kò lè yí i tán, ó já sójú títì márosẹ̀. Ọkùnrin mọ́kànlá ló kú, ìta ọgbà ìran náà ni wọ́n wà, awakọ̀ rẹ̀ ò sì kú. Fọ́tò àti fídíò táwọn èèyàn yà lọ́jọ́ náà wà lára ohun táwọn olùwádìí fi mọ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ní May 25, 2024, Spitfire kan tí wọ́n ṣe lọ́dún 1944 já lulẹ̀ lẹ́bàá Coningsby, ó pa awakọ̀ rẹ̀, Mark Long. Àwọn kan ní kí wọ́n kó gbogbo wọn sínú ilé, kí wọ́n máa nù wọ́n. Àwọn mìíràn ní bàlúù tí kì í fò, páànù ni. Ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì ló ní ìdí, àmọ́ ẹni tó bá ti gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì yẹn rí, apá kejì ló ń gbè.

Ní tiwa, Nigeria Airways kógbá sílé lọ́dún 2003, a ò sì gbọ́ pé ẹnì kan ń gbé bàlúù rẹ̀ fò fáwọn èèyàn wò. Ẹni tó bá sì gbé kámẹ́rà sókè níbi tí ìjọba ti kéèwọ̀, òfin ọdún 1962 wà nílẹ̀ dè é. Ohun tó kù fún wa ni fọ́tò tàwọn ìyá wa yà lẹ́sẹ̀ àtẹ̀gùn bàlúù lọ́jọ́ tí wọ́n ń lọ Mẹ́kà tàbí tí wọ́n ń sin ọmọ lọ sókè òkun. Ó wà nínú àpótí, ikán sì ń rìn. Ẹ yọ ọ́ síta, ẹ kọ orúkọ àti ọdún sẹ́yìn rẹ̀. Pẹ́ńsù ni kẹ́ ẹ lò o, bírò máa ń hàn sójú fọ́tò.