Mọ́tò Àtijọ́ Tí Eruku Bò: Ǹjẹ́ Òun Gan-an Ni Bí?

Ẹni tí ó mọ iyì wúrà ni à ń tà á fún. Ṣùgbọ́n alágbẹ̀dẹ wúrà kì í sanwó kí ó tó fi í ha òkúta ná. Irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wa dá lé lónìí, àmọ́ kì í ṣe ti wúrà. Mọ́tò eré-ìje àtijọ́ ni, irú èyí tí ẹni tí ó ni ín ti patì sínú gáréèjì fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí ìpáàrà ti jẹ, tí eku sì ti bímọ sínú ìjókòó rẹ̀. Ẹni tí ó bá jogún rẹ̀ lè pe àwọn tí ń ra àlòkù irin kí wọ́n wá gbé e lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ó sì lè jẹ́ pé owó ilé méjì mẹ́ta ni ó sùn sábẹ́ eruku náà. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ó pààlà sáàárín méjèèjì: ǹjẹ́ mọ́tò náà ni ohun tí a ń pè é bí?

Lẹ́bàá ìlú Newcastle, ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni a gbé rí ọ̀kan tí òkìkí rẹ̀ kàn púpọ̀. Bugatti Type 57S Atalante ni, ti ọdún 1937, irú èyí tí a kò ṣe ju 17 lọ. Ẹni tí ó kọ́kọ́ ni ín ni Earl Howe, ààrẹ àkọ́kọ́ ẹgbẹ́ àwọn awakọ̀ eré-ìje ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí òun àti Sir Henry Birkin jọ gba ipò kìn-ín-ní ní Le Mans ní ọdún 1931. Nígbà tí ọkọ̀ náà ti ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn, ó bọ́ sọ́wọ́ ẹnì kan ní ọdún 1955. Onítọ̀hún wà á fún ọdún díẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1960 ó gbé e sínú gáréèjì, ó sì ti ìlẹ̀kùn. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ náà wà títí tí onílé fi kú ní ọdún 2007, tí àwọn ẹbí sì jogún ohun tí ó fi sílẹ̀. Ní oṣù Fẹ́búárì ọdún 2009 a lu ú ní gbàǹjo ní ìlú Paris, ó sì mú owó tí ó ju mílíọ̀nù 3.4 yúrò lọ wá.

Kí ni àwọn olówó rí lára ohun tí eruku ti bò mọ́lẹ̀? Ohun tí wọ́n rí ni pé ẹnikẹ́ni kò tí ì da ojúlówó rẹ̀ rú. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀, egungun rẹ̀ àti ara rẹ̀ jẹ́ ti ìbẹ̀rẹ̀. Kódà bọ́ńpà àti dígí ìwẹ̀yìn tí Earl Howe tìkára rẹ̀ ní kí a fi sí i ṣì wà níbẹ̀. Bí mọ́tò bá ń rìn lójú pópó fún àádọ́ta ọdún, mẹkáníìkì ń yọ èyí, wọ́n ń fi tọ̀hún dípò, olúwarẹ̀ tí ó rà á ń kùn ún ní ọ̀dà tí ó wù ú, títí yóò fi di pé àwọn ọmọ ìyá kò gbé inú ilé kan náà mọ́. Ìpatì tí a ń bá onílé wí fún, òun gan-an ni ó pa ẹ̀rí mọ́.

Ẹni tí ń yẹ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ wò kì í kọ́kọ́ wo ẹwà rẹ̀. Nọ́ńbà ni ó ń wá. Ẹni tí ó bá ti ra mọ́tò rí ní ilẹ̀ wa mọ̀ pé a máa ń kọ nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì àti ti ṣáásì, èyí tí í ṣe egungun ìsàlẹ̀ ọkọ̀, sínú ìwé rẹ̀. Lára àwọn ọkọ̀ eré-ìje àtijọ́ kò mọ síbẹ̀. A lè bá nọ́ńbà lára àpótí gíà àti lára irin tí ó mú àwọn táyà ẹ̀yìn. Àwọn oníṣọ̀nà tí ń kan ara mọ́tò a sì máa kọ tiwọn sẹ́yìn pákó tàbí sábẹ́ bónẹ́ẹ̀tì, níbi tí ojú oníbàárà kì í dé. Olùyẹ̀wò yóò kó gbogbo rẹ̀ jọ, yóò sì fi í wé ìwé tí ilé iṣẹ́ kọ nígbà tí ọkọ̀ náà jáde. Àwọn Jaguar, fún àpẹẹrẹ, pa irú ìwé bẹ́ẹ̀ mọ́: ẹni tí ó ni ọ̀kan nínú ọkọ̀ wọn àtijọ́ lè sanwó kí a fún un ní ìwé ẹ̀rí tí yóò sọ ọjọ́ tí a ṣe é, àwọ̀ tí a kùn ún, àti nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì tí a gbé sínú rẹ̀. Bí ìwé bá wí pé aláwọ̀ ewé ni, tí a sì ha ọ̀dà kọ̀rọ̀ ìlẹ̀kùn títí dé ojú irin tí a kò bá nǹkan kan bí kò ṣe pupa, ọ̀rọ̀ ń bẹ nílẹ̀ nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ìwé ilé iṣẹ́ kò ju pé ó ń jẹ́rìí sí ọkọ̀ tí a ṣe nígbà náà lọ. Kò jẹ́rìí pé èyí tí ó dúró níwájú yín ni. Ihò yìí ni àwọn arẹ́nijẹ ń gbà wọlé. Wọn a gé pẹpẹ irin tí nọ́ńbà wà lára rẹ̀ kúrò lára ọkọ̀ tí ó ti fọ́ túútúú, wọn a jó o mọ́ ara òmíràn. Tàbí kí wọ́n fi ayùn-irin pa nọ́ńbà rẹ́, kí wọ́n sì fi òòlù lu tuntun sójú rẹ̀. Olùyẹ̀wò tí ó gbọ́n yóò fi ìka tọ́ ibẹ̀: bí irin bá fẹ́lẹ́ níbẹ̀ ju àyíká rẹ̀ lọ, tàbí tí ìpáàrà jẹ gbogbo ara rẹ̀ tí kò sì jẹ ojú nọ́ńbà, ìfura dé. Ó tilẹ̀ ṣe é ṣe pé bí a bá da oògùn ajẹrin kan sí i, nọ́ńbà tí a ti pa rẹ́ yóò tún hàn fírífírí, nítorí pé agbára òòlù ìjọ́sí ti wọ inú irin lọ ju ibi tí ayùn dé.

Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí ẹni tí ó bá bá irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú ogún fi ọṣẹ àti omi sílẹ̀ ná. Kí ó ya àwòrán rẹ̀ bí ó ti wà, kí ó sì wá inú àpótí onílé fún ìwé rísíìtì, lẹ́tà àti fọ́tò àtijọ́. Ní ọdún 2014 a bá nǹkan bí 60 mọ́tò nínú ahéré páànù ní ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Faransé, Ferrari 250 GT California Spider kan sì wà láàárín wọn, tí òkìtì ìwé ìròyìn àtijọ́ wà lórí rẹ̀. Àwọn fọ́tò wà tí Alain Delon, gbajúmọ̀ òṣèré sinimá, yà pẹ̀lú ọkọ̀ yìí kan náà ní nǹkan bí ọdún 1964. Ní oṣù Fẹ́búárì ọdún 2015, ó mú ju mílíọ̀nù 16 yúrò lọ wá.

Ǹjẹ́ bí irin àkọ́kọ́ bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lára ọkọ̀ ńkọ́? Ọ̀rọ̀ yìí dé ilé ẹjọ́ gíga ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1990. Bentley kan ni, tí wọ́n ń pè ní Old Number One, tí ó gba ipò kìn-ín-ní ní Le Mans ní ọdún 1929 àti ní 1930. Ọdọọdún ni wọ́n ń pààrọ̀ nǹkan lára rẹ̀ fún eré-ìje mìíràn. Ní ọdún 1932, ó fò jáde kúrò lójú ọ̀nà ní Brooklands, awakọ̀ rẹ̀ Clive Dunfee sì kú; lẹ́yìn náà a tún un kọ́ gẹ́gẹ́ bí ọkọ̀ ojú pópó. Nígbà tí a fẹ́ tà á ní mílíọ̀nù 10 pọ́ùn, olùrà fà sẹ́yìn, ó ní ohun tí ó ṣẹ́ kù lára ọkọ̀ tí ó borí ní ọdún 1929 kò tó nǹkan.

Olùrà kò parọ́ nípa irin náà. Adájọ́ Otton pàápàá gbà pé a kò lè pè é ní ọkọ̀ ti ìbẹ̀rẹ̀ ní àwọ̀ tí ó fi borí ní Le Mans. Ṣùgbọ́n ó wò ó pé díẹ̀díẹ̀ ni a pààrọ̀ àwọn ohun èlò rẹ̀, pé ìtàn rẹ̀ kò já níbì kankan, àti pé kò sí ọkọ̀ mìíràn, yálà èyí tí ó wà tàbí èyí tí kò sí mọ́, tí ó lè dìde pé òun ni ó ń jẹ́ orúkọ náà. Ó ní ìtàn àti òkìkí ọkọ̀ náà wà nínú ohun tí a tà, kì í ṣe irin rẹ̀ nìkan. Nítorí náà ó dá a láre pé ojúlówó Old Number One ni, ẹni tí ó tà á ni ó sì borí nínú ẹjọ́ náà.