Ògbufọ̀ Tó Wà Láàárín Kọ̀ǹpútà àti Pírǹtà

Bébà tí ìyá kan tó ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé nà sí mi kò ní ju ìlà mẹ́ta lọ lójú. Ìlà àkọ́kọ́ kà pé %!PS-Adobe-3.0. Èyí tó tẹ̀ lé e jẹ́ ọ̀rọ̀ wúruwùru kan tó sáré gba apá ọ̀tún jáde kúrò lójú ìwé. Bébà kejì rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀kẹta náà rí bẹ́ẹ̀, títí ó fi kó odidi ìdì kan lé mi lọ́wọ́.

Ó ní, "Ọmọ mi, láti àárọ̀ ni pírǹtà yìí ti ń pọ̀ ọ́ bí aláìsàn. Mo pa á, mo tún tan án, ó tún bẹ̀rẹ̀. Àbí ó ti bàjẹ́ ni?"

Mo ní, "Kò bàjẹ́ o, mà. Èdè tí wọ́n ń bá a sọ ni kò gbọ́."

Ọmọ rẹ̀ ló fi Ubuntu sórí kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù náà ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, nítorí fáírọ́ọ̀sì tí àwọn oníbàárà ń fi fúláàṣì kó wá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ kọ̀ǹpútà náà tán. Ohun tó dáa ló ṣe. Ṣùgbọ́n nígbà tó kan pírǹtà, kọ̀ǹpútà ní kó mú dráífà tó bá fẹ́, kò rí orúkọ pírǹtà wọn nínú àwọn tó tò sílẹ̀, ló bá mú èyí tí wọ́n kọ Generic PostScript sí. Ibẹ̀ ni wàhálà ti wọlé.

Pírǹtà kì í gbọ́ gbogbo èdè. Àwọn kan gbọ́ PostScript, èdè tí iléeṣẹ́ Adobe gbé jáde ní 1984. Àwọn kan gbọ́ PCL, tó ti ọ̀dọ̀ HP wá. Epson ní ESC/P tirẹ̀. Àwọn olówó pọ́ọ́kú kan wà tí kò gbọ́ èdè kankan rárá: kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ ya gbogbo ojú ìwé náà ní tóótòòtó fún wọn, kí ó sì dì í ní ọ̀nà tí ẹni tó ṣe pírǹtà náà nìkan mọ̀. Ojú bébà A4 kan, bí tóótòòtó bá jẹ́ 600 nínú ínǹṣì kan, ní tóótòòtó tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù 35. Dráífà ni ògbufọ̀ tó ń sọ ohun tí ẹ kọ di èdè tí pírǹtà gbọ́. Pírǹtà ìyá yìí PCL ló gbọ́. A wá rán ògbufọ̀ PostScript sí i. Nítorí náà, nígbà tí kọ̀ǹpútà ń sọ fún un pé "fa ìlà síbí, kọ lẹ́tà sọ́hùn-ún," ọ̀rọ̀ lásán ló rò pé àṣẹ náà jẹ́, ó sì ń tẹ̀ ẹ́ bó ṣe gbọ́ ọ. Bí ẹ bá rí %!PS lókè bébà yín, ẹ má wulẹ̀ tú ẹ̀rọ palẹ̀. Ẹ lọ pààrọ̀ ògbufọ̀.

Lórí Linux, ìdílé tí Ubuntu ti wá, CUPS ni ilé tí àwọn ògbufọ̀ yìí ń gbé. Michael Sweet ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1997. Apple mú un wọ inú Mac OS X ní 2002, wọ́n sì rà á ní 2007. Sweet kúrò ní Apple ní ìparí 2019, láti 2020 ló sì ti wà lọ́wọ́ àwọn OpenPrinting, tí Till Kamppeter ń ṣe olórí wọn. Ẹni tó ń tẹ̀wé láti orí Mac olówó ńlá àti ẹni tó ń tẹ̀wé láti orí kọ̀ǹpútà àlòkù tó gbé Ubuntu, inú ilé kan náà ni iṣẹ́ wọn ń gbà kọjá.

Ẹ jẹ́ ká tẹ̀ lé iṣẹ́ kan dé òpin. Ẹ tẹ Print nínú LibreOffice. Ó sọ ìwé yín di PDF, ó gbé e fún CUPS, CUPS sì tò ó sórí ìlà, bí a ṣe ń tò ní báńkì. Nígbà tó bá kàn án, CUPS ṣí fáìlì kan tí wọ́n ń pè ní PPD, níbi tí wọ́n kọ ìwà pírǹtà yẹn sí: bébà tó ń gbà, bóyá ó lè tẹ ojú méjèèjì, àti ẹni tí yóò ṣe ògbufọ̀ fún un. Àwọn ògbufọ̀ ń gbé iṣẹ́ náà lé ara wọn lọ́wọ́. Ọ̀kan sọ PDF di tóótòòtó, èkejì sọ tóótòòtó di èdè pírǹtà. Lẹ́yìn náà ni ìránṣẹ́ kan gbé e gba inú wáyà USB tàbí orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ.

Nítorí náà, bí pírǹtà bá kọṣẹ́, ẹ má tíì sáré wá dráífà kiri orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ kọ́kọ́ wádìí ibi tí iṣẹ́ náà ti dúró. Mo ti rí àwọn tó yọ dráífà tí wọ́n tún fi í sí títí ilẹ̀ fi ṣú, tó sì jẹ́ pé wáyà ló já.

Ẹ ṣí tẹ́mínà, kí ẹ kọ lpinfo -v. Bí ẹ bá rí ìlà tó fi usb:// bẹ̀rẹ̀ tó sì dárúkọ pírǹtà yín, kọ̀ǹpútà àti pírǹtà ti rí ara wọn. Ẹ wo ìparí ìlà yẹn dáadáa. Ẹ sábà máa rí serial= níbẹ̀, pẹ̀lú nọ́ńbà tó jẹ́ ti pírǹtà yẹn nìkan. Nọ́ńbà yìí ń da àwọn ènìyàn láàmú gan-an: pírǹtà bàjẹ́, wọ́n ra irú rẹ̀ gẹ́lẹ́, wọ́n ki wáyà bọ̀ ọ́, kò tẹ nǹkan kan. Ẹni tó kú ni CUPS ṣì ń dúró dè. Ẹ fi tuntun náà kún un bí ẹni tí kò dé ilé yín rí.

Lẹ́yìn èyí, ẹ kọ lpstat -t. Bí ẹ bá rí disabled lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀, ìlà ló tì. Bí wáyà bá yọ tàbí iná lọ lójijì, CUPS lè ti ilẹ̀kùn, kó sì máa retí ẹni tí yóò ṣí i. cupsenable àti orúkọ pírǹtà ló ń ṣí i. Ẹni tí tẹ́mínà bá ń bà lẹ́rù lè lọ sí localhost:631 nínú aṣàwákiri rẹ̀, ohun kan náà ló wà níbẹ̀ pẹ̀lú bọ́tìnì.

Bí wáyà bá dára, tí ìlà sì ṣí, a jẹ́ pé ọ̀dọ̀ ògbufọ̀ ló wà. Ohun tí ẹ ó máa rí lójú kọ̀ǹpútà ni Filter failed, ọ̀rọ̀ méjì péré tí kò sọ ìdí. Ìdí náà wà nínú /var/log/cups/error_log. Ẹ kọ cupsctl --debug-logging, ẹ tẹ ìwé kan ṣoṣo, kí ẹ wá ṣí fáìlì náà kà láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Yóò gùn, ẹ má jẹ́ kó sú yín. Mo fẹ́ràn fáìlì yìí ju gbogbo nǹkan yòókù lórí Linux lọ. Kì í fi nǹkan kan pamọ́ fún ẹni tó bá ní sùúrù.

Nígbà míì ẹ ó kà pé No such file or directory, ẹ ó wo ibi tó dárúkọ, fáìlì náà á sì wà níbẹ̀, ojú yín ń rí i kedere. Kì í ṣe irọ́ ni kọ̀ǹpútà ń pa. Dráífà àtijọ́ tí wọ́n kọ fún bíìtì 32 ni, kọ̀ǹpútà yín sì jẹ́ ti bíìtì 64 tí kò ní ohun tí yóò fi gbé e dìde. Ohun tó ń gbé e dìde gan-an ni kọ̀ǹpútà sọ pé òun ò rí. Lórí Ubuntu tàbí Debian, sudo dpkg --add-architecture i386, lẹ́yìn náà sudo apt update, kí ẹ wá fi libc6:i386 sí i. Ọ̀pọ̀ pírǹtà tí wọ́n ti pa tì ló tipa bẹ́ẹ̀ jí.

Ọ̀rọ̀ pé kí a lè rí inú ohun tí a ń lò yìí, ìdí pírǹtà gan-an ló ti lágbára. Ní nǹkan bí 1980, Xerox fún ilé ìwádìí tí Richard Stallman ti ń ṣiṣẹ́ ní MIT ní pírǹtà tuntun kan. Ti àtijọ́, Stallman ti tún sọ́fítíwíà rẹ̀ ṣe kó lè máa ké sí àwọn tó ń lò ó bí bébà bá há. Ti tuntun yìí, Xerox kò fún wọn ní ohun tí wọ́n fi kọ sọ́fítíwíà rẹ̀. Nígbà tí Stallman lọ bá ẹnì kan ní Carnegie Mellon tó ní in lọ́wọ́, onítọ̀hún kọ̀ jálẹ̀, ó ní òun ti ṣe ìlérí pé òun ò ní fi han ẹnikẹ́ni. Ní 1983, Stallman kéde GNU, ètò tí ẹnikẹ́ni lè wo inú rẹ̀, kó sì tún un ṣe. Mo máa ń rántí ìtàn yìí bí mo bá ń ka error_log.

Ìṣòro pírǹtà kan wà tó kàn wá gidi nílẹ̀ yìí. Àwọn pírǹtà bíi LaserJet 1018 àti 1020 kì í tọ́jú ọpọlọ wọn, ìyẹn sọ́fítíwíà tó ń darí wọn, sínú ara wọn. Ìgbàkígbà tí iná bá dé, kọ̀ǹpútà ní láti kọ́kọ́ fi ọpọlọ náà ránṣẹ́ sí wọn kí wọ́n tó lè ṣiṣẹ́. Bí iná bá lọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni wọ́n gbàgbé gbogbo nǹkan. Nítorí náà, bí pírǹtà bá ṣiṣẹ́ dáadáa láàárọ̀, tó wá ń gba iṣẹ́ lọ́sàn-án láìtẹ nǹkan kan lẹ́yìn tí iná lọ tó bọ̀, ẹ má fi ẹ̀sùn kan tónà. Ẹ yọ wáyà USB, ẹ jẹ́ kí pírǹtà tàn tán, kí ẹ tó ki i padà. Fún irú àwọn wọ̀nyí, HPLIP tí HP fi sílẹ̀ fún Linux nílò àfikún kan tí hp-plugin ń lọ mú wá láti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Àfikún náà sì gbọ́dọ̀ bá HPLIP tó wà lórí ẹ̀rọ yín mu ní nọ́ńbà, bí kò ṣe bẹ́ẹ̀, kò ní ṣiṣẹ́.

Bébà náà ní wàhálà tirẹ̀. Ẹni tó bá mú Gẹ̀ẹ́sì Amẹ́ríkà nígbà tó ń fi Linux sórí kọ̀ǹpútà, Letter ni yóò bá nínú ètò bébà rẹ̀, milimítà 216 sí 279. A4 tí à ń rà lọ́jà jẹ́ 210 sí 297. Pírǹtà míì á wá máa ṣẹ́jú iná pupa, ó ń retí bébà tí ẹnikẹ́ni kò ní tà fún yín. Ẹ yí i sí A4 nínú ètò pírǹtà, iná náà á kú.

Àwọn pírǹtà tí wọ́n ń ṣe lóde òní ti ń bọ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ nínú gbogbo èyí. Láti ìgbà tí AirPrint ti dé ní 2010, tí IPP Everywhere sì tẹ̀ lé e, pírǹtà fúnra rẹ̀ ló ń sọ ohun tó lè ṣe, ó sì ń gba èdè tí ọ̀pọ̀ wọn jùmọ̀ gbọ́. Àwọn oní-CUPS ti sọ pé ẹ̀yà 3 kò ní gba PPD mọ́. Bí ẹ bá fẹ́ ra pírǹtà, ẹ wá AirPrint tàbí Mopria lára páálí rẹ̀ kí ẹ tó dúnàádúrà. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra fún ìjà kan: lórí Linux, ipp-usb ló ń bá irú pírǹtà yìí sọ̀rọ̀ nínú wáyà USB. Bó bá ti gbà á mú, dráífà àtijọ́ kò ní rí ọ̀nà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́. Ẹ mú ọ̀kan, kí ẹ yọ èkejì.

Ní ṣọ́ọ̀bù ìyá yẹn, mo kọ́kọ́ kọ cancel -a, kí gbogbo iṣẹ́ tó ti tò látàárọ̀ lè kúrò lórí ìlà. Ìdí tó fi ń bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tó bá tún un tàn nìyẹn. Mo yọ PostScript, mo fi PCL 5e sí i, mo tẹ ojú ìwé ìdánwò kan. Ó jáde tòun ti àwòrán rẹ̀, gbogbo etí ìwé pé pérépéré. Ìyá náà gbé e sókè síbi ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé, ó wò ó fún ìgbà díẹ̀. Ọmọ rẹ̀ kọ orúkọ dráífà náà sórí tépù funfun, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ pírǹtà. Ìyá rẹ̀ wá yí ìdì bébà àárọ̀ yẹn sí ẹ̀yìn tó mọ́, ó tò ó padà sínú ẹ̀rọ, ó ní àwọn ọmọ iléèwé tó fẹ́ kọ́kọ́ wo iṣẹ́ wọn kó tó di pé wọ́n tẹ̀ ẹ́ gidi ni òun yóò máa lò ó fún.