Owó ọmọ tí òbí ń ‘bá a tọ́jú’: Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀!

Bí àlejò bá fún ọmọ ní igba náírà, kí àlejò náà tó dé ẹnu ọ̀nà ni ìyá tàbí bàbá á ti nawọ́: ‘Mú un wá, jẹ́ kí n bá ẹ tọ́jú ẹ̀.’ Owó ọ̀hún lọ nìyẹn. Ẹ̀rín làwọn àgbà máa ń fi ọ̀rọ̀ yìí rín, àmọ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín rárá. Ohun tí ọmọ ń rí kọ́ níbẹ̀ ni pé owó téèyàn bá tọ́jú ti sọnù, kéèyàn tètè ná an ló dáa.

Bọ́mọ ṣe ń dàgbà ni ìwà náà ń bá a dàgbà. Ẹ wo àwọn agùnbánirọ̀. 33,000 náírà ni ìjọba àpapọ̀ ń san fún wọn lóṣù láti ọdún 2020, kí wọ́n tó sọ ọ́ di 77,000, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í san lóṣù kẹta, ọdún 2025. Síbẹ̀, kí oṣù tó dé ìdajì, àwọn kan ti wà lórí fóònù, tí wọ́n ń wá àwọn ayánilówó. Bọ́jọ́ bá pé tówó ò sí, àwọn kan nínú àwọn ayánilówó yìí á máa fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí ọ̀gá, sí ọ̀rẹ́, sí pásítọ̀, wọ́n á ní olè lọmọ náà. Ìtìjú ńlá!

Bẹ́ẹ̀, ìṣirò ọ̀hún ò le. Ká ní agùnbánirọ̀ kan kò san owó ilé, tó sì ń dáná fúnra ẹ̀. Kó kọ́kọ́ yọ 10,000 sọ́tọ̀. Owó ọkọ̀ 1,000 lójúmọ́ fún ọjọ́ 22 jẹ́ 22,000, oúnjẹ 1,000 lójúmọ́ jẹ́ 30,000, dátà 5,000. Ó ku 10,000 fún ọṣẹ àti ohun tó bá yọjú lójijì. Ṣùgbọ́n tó bá ń fi 500 péré ra míníráà àti mítípáì lójoojúmọ́, 15,000 ti lọ lóṣù. Èyí tó kù ti tán nìyẹn, ó sì ti bù nínú èyí tó yọ sọ́tọ̀.

Ọ̀nà tí òbí lè gbà kọ́mọ ẹ̀ kò jìnnà, ọ̀dọ̀ alájọ ló wà. Ẹni tó ń dá 1,000 lójúmọ́ fún ọgbọ̀n ọjọ́, 29,000 ló máa gbà, torí owó ọjọ́ kan ni alájọ máa ń mú. Àwọn ọlọ́jà ń dá a nítorí wọ́n mọ̀ pé owó àwọn ń bọ̀. Alájọ tó bá kówó jẹ lẹ́ẹ̀kan, ta ló tún máa gbé owó fún un? Òbí sì ni alájọ àkọ́kọ́ tí ọmọ ní láyé.

Nítorí náà, ẹ ra kóló fọ́mọ yín. Ẹ jẹ́ kó máa kọ iye tó wọlé àti iye tó jáde sínú ìwé. Kó sọ ohun tó fẹ́ rà, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kó fọ́ kóló náà fúnra ẹ̀ bọ́jọ́ bá pé. Tówó tẹ́ ẹ fún un fún ọ̀sẹ̀ kan bá tán lọ́jọ́rú, ẹ má sáré fi kún un. Ẹ di oúnjẹ fún un láti ilé, àmọ́ ẹ jẹ́ kó dúró de ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọmọ tá a ò kọ́, òun ló ń gbé ilé tá a kọ́ tà.