Ìwé Ìtọ́ni tàbí Fídíò? Àyẹ̀wò Ọ̀nà Ìkọ́ṣẹ́ Ìtẹ̀wé ní Ṣómólú àti Bàrígà

1.0 Ìfáàrà

Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí dá lé ni ìbéèrè kan tí ó ń kojú ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ kọ́ṣẹ́ lóde òní: ṣé ìwé tí ó ṣàlàyé iṣẹ́ náà ni kí ó jókòó tì ni, tàbí fídíò tí ó ń fi í hàn? Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni a fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé Ṣómólú jẹ́ ọ̀kan pàtàkì lára àwọn ibi tí iṣẹ́ náà ti gbilẹ̀ ní Èkó. Yàtọ̀ sí èyí, ibẹ̀ ni mo ti kọ́ṣẹ́ kí n tó wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Láti Ìlàjẹ ní Bàrígà ni mo ti ń lọ lójoojúmọ́. Èrò wa ni pé irú ìmọ̀ tí a ń wá ni ó yẹ kí ó pinnu ohun tí a ó lò.

2.0 Ìkọ́ṣẹ́ ní ìdí ẹ̀rọ

Láti ìgbà tí Henry Townsend ti gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kalẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1854, tí ó sì fi tẹ Ìwé Ìròyìn fún Àwọn Ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá ní 1859, ìdí ẹ̀rọ ni ọmọṣẹ́ ti ń gba ìmọ̀ yìí. Bí ọmọ apẹja Ìlàjẹ ṣe ń jókòó ti bàbá rẹ̀ láti mọ bí a ti ń tún àwọ̀n ṣe, bẹ́ẹ̀ náà ni ọmọṣẹ́ ìtẹ̀wé ń dúró ti ọ̀gá rẹ̀. Ìwé àti fídíò kò lè gba ipò ọ̀gá yìí. Olùrànlọ́wọ́ rẹ̀ ni wọ́n.

3.0 Ibi tí ìwé ti ta fídíò yọ

Nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́, a gba iṣẹ́ ìwé ètò ìsìnkú kan tí ó jẹ́ ojú-ìwé 16, ọ̀ọ́dúnrún ẹ̀dà. Mo ti wo fídíò kan tí ó fi hàn bí a ti ń to ìwé olójú-ewé 8. Mo ronú pé ìlọ́po méjì rẹ̀ ni 16. Mo to ojú-ìwé 1 sí 8 lọ́tọ̀, mo to 9 sí 16 lọ́tọ̀, mo sì ki ìkejì bọ àárín èkíní. Nígbà tí a gán ìwé náà tán, ojú-ìwé 9 ni ó tẹ̀lé 4, 5 sì tẹ̀lé 16. Orin ìsìn já ìtàn ìgbésí ayé olóògbé sí méjì. Ìsìnkú ku ọ̀la. Òru ni a fi tún un tẹ̀, ọ̀gá mi sì ni ó san owó bébà.

Lẹ́yìn náà ni mo rí òfin iṣẹ́ náà nínú ìwé ìtọ́ni kan, kò ju ìlà kan lọ: bí a bá ro nọ́ńbà ojú-ìwé méjì tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ kan náà lórí ewé bébà pọ̀, yóò fi ẹyọ kan ju iye ojú-ìwé lọ. Nínú ìwé olójú-ewé 16, 17 ni àròpọ̀ náà: 16 àti 1, 2 àti 15, bẹ́ẹ̀ títí dé 8 àti 9. Ohun kan ṣoṣo ni fídíò fi hàn mí. Ìwé fún mi ní òfin tí ó kárí gbogbo rẹ̀. Mo sì lè padà sí ìlà náà nígbàkigbà láìwá a kiri.

4.0 Ibi tí fídíò ti ta ìwé yọ

Ọ̀rọ̀ omi àti tàdáwà kò rí bẹ́ẹ̀. Lórí ẹ̀rọ ọ́fúsẹ́ẹ̀tì, omi ni kì í jẹ́ kí tàdáwà lẹ̀ mọ́ ibi tí kò sí ọ̀rọ̀. Bí omi bá pọ̀ jù, ìtẹ̀wé yóò ṣá. Bí ó bá kéré jù, ìdọ̀tí yóò bo ibi tí ó yẹ kí ó funfun. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ka àlàyé yìí tí kò yé mi. Fídíò ni mo ti kọ́kọ́ rí bí àwọ̀ ṣe ń yí padà díẹ̀díẹ̀ bí a ti ń dín omi kù. Síbẹ̀, ọ̀gá ni ó kọ́ mi bí a ti ń fetí sí ìró ẹ̀rọ.

5.0 Ohun mẹ́ta mìíràn tí ó yẹ ní gbígbéyẹ̀wò

Èkíní ni agbára ìrántí. John Sweller ṣàlàyé ní 1988 pé ọpọlọ kò lè gbé ju ìwọ̀nba ẹrù lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tí fídíò fi hàn sì ń kọjá lọ ni. Ní 2001, Mayer àti Chandler rí i pé àwọn tí ó lè dá àlàyé alàwòrán nípa mànàmáná dúró ní abala-abala lo ìmọ̀ náà dáadáa ju àwọn tí ó wò ó lọ láìdúró. Nítorí náà, ẹni tí yóò wo fídíò gbọ́dọ̀ máa dá a dúró, kí ó sì ṣe ohun tí ó rí kí ó tó tẹ̀síwájú.

Èkejì ni owó. Dátà tí fídíò ń jẹ pọ̀ ju ti ìwé kíkà lọ lọ́pọ̀lọpọ̀, ọmọṣẹ́ kì í sì í gba owó oṣù.

Ẹ̀kẹta, tí ó ká wa lára jù, ni èdè. Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀pọ̀ ìwé ìtọ́ni, bẹ́ẹ̀ Yorùbá ni a ń sọ ní ìdí ẹ̀rọ. Ètò tí Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ ní 1970 ti fi hàn pé ọmọ tí a fi Yorùbá kọ́ ní ìmọ̀ kì í rẹ̀yìn. A kò gbọdọ̀ yára sọ pé ọmọṣẹ́ tí ó sá fún ìwé kórìíra ìwé kíkà. Ó lè jẹ́ èdè inú ìwé náà ni ó lé e sẹ́yìn.

6.0 Àgbálọgbábọ̀

Ní kúkúrú, ohun tí ó bá jẹ́ òfin, nọ́ńbà tàbí ìtòlẹ́sẹẹsẹ, kí á kà á. Ohun tí ó bá jẹ́ ìṣípòpadà ọwọ́ tàbí àyípadà àwọ̀, kí á wò ó. Méjèèjì, kí á gbé e lọ síwájú ọ̀gá. A wá ń dá a lábàá fún ẹ̀yin olùkọ́ wa àti ẹ̀yin akẹgbẹ́ wa pé kí ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ yìí bá àwọn ọ̀gá ìtẹ̀wé jókòó, kí a kọ òfin iṣẹ́ wọn ní Yorùbá sórí ewé bébà kọ̀ọ̀kan tí a lè lẹ̀ mọ́ ògiri. Ká ní irú ewé bẹ́ẹ̀ wà lára ògiri tiwa lọ́jọ́ náà ni, ìdílé olóògbé ìbá rí ìwé wọn gbà lásìkò láìsí pé ẹnikẹ́ni ṣe àìsùn.