Ọmọ Kì Í Yan Ilẹ̀ Tí Wọ́n Bí I Sí

Ní Parsloes, ní Barking àti Dagenham ní ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù, pápá ńlá kan wà tí wọ́n ṣí fún ará ìlú ní ọdún 1935. Àwọn ilé Becontree tó yí i ká, ìjọba Lọ́ńdọ̀nù ló bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ wọn ní 1921 fún àwọn ìdílé tó há mọ́ra ní East End. Ọmọ àwọn tó ṣí wá ló kọ́kọ́ ṣeré níbẹ̀. Lónìí, ọmọ Yorùbá wà lára àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù lórí koríko kan náà.

Ọ̀rọ̀ àjèjì kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun ládùúgbò yìí. Ní 2006, ẹgbẹ́ òṣèlú BNP, tó ń polongo lòdì sí àjèjì, gba ìjókòó 12 nínú ìgbìmọ̀ ìbílẹ̀. Ní 2010, wọ́n pàdánù gbogbo rẹ̀. Àríyànjiyàn náà kò tán síbẹ̀. Àwọn Yorùbá kan tó fi òógùn ojú gba ìwé tiwọn náà máa ń bínú sí ẹni tí kò ní. Òótọ́ ni pé ìlú tó bá ní ẹnubodè gbọ́dọ̀ ṣọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ta ni ọmọ bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀ kí wọ́n tó bí i?

Ọ̀pọ̀ òbí rò pé ọmọ tí wọ́n bá bí sí Lọ́ńdọ̀nù ti di ọmọ onílùú lọ́jọ́ náà. Kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1983. Bí kò bá sí èyíkéyìí nínú òbí tó jẹ́ ọmọ onílùú tàbí tó ní ìwé ìgbélùú títí láé, ọmọ náà kò ní í jẹ́ ọmọ onílùú. Òfin kan náà ló tún ṣílẹ̀kùn: ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀, tó lo ọdún 10 àkọ́kọ́ ayé rẹ̀ níbẹ̀, tí kò kúrò nílùú ju 90 ọjọ́ lọ nínú ọdún kankan, lẹ́tọ̀ọ́ láti forúkọ sílẹ̀. Wọn kì í wo ìwé òbí. Ìwà ọmọ fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń wò.

Owó ló ń dí ọ̀nà. Ní 2021, 1,012 pọ́n-ùn ni wọ́n ń gbà lórí ọmọ kan, bẹ́ẹ̀ 372 pọ́n-ùn ni ìjọba sọ pé iṣẹ́ náà ń ná òun. Wọ́n gbé ẹjọ́ rẹ̀ dé Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ, tó dájọ́ ní oṣù kejì 2022 pé owó náà bófin mu. Síbẹ̀, láti oṣù kẹfà ọdún náà, ìdílé tí kò rí i san lè bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n yọ̀ǹda rẹ̀ fún wọn.

Àwa ẹlẹ́sìn òrìṣà mọ ìtàn Ọ̀ṣẹ́túrá. Àwọn irúnmọlẹ̀ kò ka Ọ̀ṣun sí, gbogbo ohun tí wọ́n dáwọ́ lé sì dàrú. Olódùmarè ní kí wọ́n padà lọ bẹ̀ ẹ́. Ọmọ inú obìnrin tí wọn kò kà sí yìí ló wá di ẹni tó ń gbé ẹbọ wọn dé ọ̀run. Ta ló mọ ẹbọ tí ọmọ aláìníwèé yóò gbé fún wa lọ́la?

Nítorí náà, kí ilé òrìṣà kọ̀ọ̀kan ṣe ohun tí ọwọ́ rẹ̀ tó. Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, ẹ kọ́ òbí láti tọ́jú ìwé ìbí, ìwé pupa tí nọ́ọ̀sì ń kọ ìlera ọmọ sí, lẹ́tà ilé ìwé àti ti dókítà, kí ẹ̀rí ọdún 10 má bàa sọnù. Ẹ mú wọn lọ sọ́dọ̀ agbẹjọ́rò tí òfin mọ̀, kì í ṣe gbájú-ẹ̀. Bí ìjà bá dé, ẹ má fi ìwé ìyá halẹ̀ mọ́ ọmọ. Ẹnìkan ló ń bímọ, igba ènìyàn ló ń tọ́ ọ.

Kí Ọ̀ṣun, Ìyá Olómitútù, fi omi tútù rẹ̀ tọ́ wọn dàgbà. Àṣẹ.